Orúkọ Ìyá Mùtíù

Bùsírátù ni orúkọ rẹ̀. Kò bímọ rí.

Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Igbein, ní Abẹ́òkúta, wọn yóò ní irọ́ ni. Wọn kò mọ Bùsírátù. Ìyá Mùtíù ni wọ́n mọ̀, Ìyá Mùtíù tó ń ta bútà àlùwàlá lẹ́bàá mọ́sáláṣí. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti wọnú orúkọ ọmọ lọ, bó ti máa ń rí fún àwọn obìnrin wa. Ọmọ ọ̀hún ni kì í ṣe tirẹ̀.

Èmi mọ̀, nítorí ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni mí, ìsọ̀ mi sì kọjú sí tirẹ̀. Láyé ìgbà tí bútà ṣì jẹ́ páànù, èmi ni mo ń fi òjé dí èyí tó bá ń jò. Ike ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Ike kò ṣeé dí. Mo kàn ń jókòó síbẹ̀ ni.

Obìnrin yìí kì í ta bútà tó ń jò. Kó tó gbé e fún oníbàárà, yóò ti bu omi kún un, yóò ti gbé e lé orí iyanrìn gbígbẹ níwájú ìsọ̀, yóò ti fi sílẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, yóò gbé e kúrò, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò wo iyanrìn. Bí iyanrìn bá tutù, bó ti wù kó kéré mọ, bútà yẹn ti di ohun tí wọ́n ń fi bomi rin ewébẹ̀. Àwọn tó ń ta irú ọjà rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Mùtíù, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ wọ àlùjáńnà ni?"

"Tí bútà bá ń jò, omi á tán kó tó kan ẹsẹ̀. Mi ò fẹ́ kí àlùwàlá ẹnikẹ́ni bàjẹ́ sí mi lọ́rùn."

Yóò wí bẹ́ẹ̀ tán, yóò tún bu omi sí òmíràn.

Sàlàhúdíìnì ni ọkọ rẹ̀. Obì ló ń tà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi tí inú bá bí i. Ó fẹ́ Bùsírátù, ó dúró, ó dúró, ọmọ kò dé. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, ó fẹ́ Àlímátù láti Owódé.

Àlímátù kéré, ó pupa, ó ní èjí. Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹni tí inú ń bí á bá a rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìdérí. Kì í ṣe ìkà. Ọ̀rọ̀ a máa jáde lẹ́nu rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Kò pẹ́ tó dé tó fi bí Mùtíù.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wá ra bútà láti Òdẹ̀dá. Ọmọlúàbí ni. Kò fẹ́ máa wí pé "ìwọ obìnrin yìí" fún aya ẹni ẹlẹ́ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ta ni kí n máa pè yín?"

Bí a ti ń béèrè náà nìyẹn. Kò sí èébú níbẹ̀. Bùsírátù ń wá ohun tí yóò sọ. Àlímátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ta Ni náà ni. Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin Òdẹ̀dá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rí ojú Bùsírátù, ó dákẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọmọdé ti gbé e lẹ́nu. "Ìyá Ta Ni, ẹ kú ọjà o." Wọ́n rò pé orúkọ gidi ni. Bùsírátù ń dá wọn lóhùn. Kí ni ì bá ṣe? Ẹni tó bá bá ọmọdé wí lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti ṣàlàyé ohun tó burú níbẹ̀ fún un.

Ó pẹ́ kí Sàlàhúdíìnì tó gbọ́. Mùtíù ti já lẹ́nu ọmú, ó ti ń sáré kiri ẹ̀yìnkùlé. Ọmọdé kan ló kí Bùsírátù bẹ́ẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀, tó tún dọ̀bálẹ̀ sí i. Sàlàhúdíìnì béèrè ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n sọ fún un. Ó wọlé, ó kó ẹrù Àlímátù síta. Ó ní kó máa lọ, kó fi ọmọ sílẹ̀.

A bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ó ní kì í ṣe òun ni wọ́n ṣẹ̀, òun kò lè dárí ohun tí wọn kò ṣe sí òun jì. Bí ìyálé bá ní kí ó padà, kí ó padà.

Ló bá di pé ẹnu Bùsírátù ni gbogbo wa ń wò.

Àlímátù wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀, láàárín bútà, lórí iyanrìn náà. Mùtíù jókòó nítòsí, ó ń to ìdérí bútà léra wọn, ó ń wó wọn.

"Ìyálé mi, ẹ foríjì mí. Ẹnu ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu lásán ni. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Mùtíù. Tó bá jẹ́ omi lẹ ní kí n máa pọn fún yín títí n ó fi kú, n ó máa pọn ọ́n."

Bùsírátù ń bu omi sínú bútà. Kò dáwọ́ dúró. Bútà kún, omi ń ṣàn sílẹ̀, ó ṣì ń bù ú.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyálé mi."

"Ìyá Ta Ni lò ń wá. Kò sí níbí mọ́. Ìyá Mùtíù ló wà níbí."

Àlímátù wò ó. Ó wo ọmọ náà. Ọmọ kò gbójú sókè, ìdérí bútà ló ń wò. Ó dìde. Iyanrìn tútù lẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀ méjèèjì, kò gbọ̀n ọ́n. Ó lọ.

Ọdún yẹn kò parí tí a fi gbọ́ pé ó kú ní Owódé. Ibà ni wọ́n pè é. Sàlàhúdíìnì lọ kí wọn, ó padà, ó jókòó sí ìsọ̀ mi títí wọ́n fi pe ìrun àlàásárì. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ Àlímátù nínú ilé yẹn mọ́. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọdé tó ń kí Ìyá Ta Ni dàgbà, wọ́n gbàgbé. Mùtíù kò gbọ́ ọ rí.

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé Bùsírátù tọ́ ọmọ náà. Ọjọ́ tí gìrì mú un, mo rí i tó gbé e sáré kọjá níwájú mi lọ sílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wọ bàtà. Bàtà ọ̀tún wà lójú títì títí tó fi padà dé. Ọjọ́ tí Mùtíù parí kéwú, tí wọ́n gbé e gun ẹṣin, òun ló di agbòòrùn lé e lórí yí gbogbo Igbein po, oòrùn sì ń pa òun fúnra rẹ̀. Apá rẹ̀ kò ṣeé gbé lọ́jọ́ kejì. Tí ọmọ náà bá sùn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìsọ̀, kì í dìde ta ọjà. Yóò ní kí oníbàárà mú bútà fúnra rẹ̀, kó wo iyanrìn abẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìgbà kan Mùtíù wà ní kékeré, ó ń wo ara rẹ̀ nínú omi bútà.

"Ìyá, ta ni mo fojú jọ?"

"Bàbá rẹ."

"Bàbá mi dúdú. Bàbá mi ò ní èjí."

"Ṣé èjí ló ń rìn ni, àbí ẹsẹ̀? Wo ẹsẹ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ nìyẹn."

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, Owódé ló ti wá. Mo rí i pé Bùsírátù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mùtíù kàwé, ó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Èkó. Ó kọ́lé sí Adìgbẹ. Ó fẹ́ Mojí, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbarà. Lubabah ni àkọ́bí wọn, ó ti tó ọmọ ogún ọdún báyìí, ó ní èjí. Mùtíù a máa jáde nílé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, yóò kírun sójú ọ̀nà Èkó, yóò wọlé nígbà tí ará àdúgbò bá ti sùn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń rí ojú oòrùn ní Abẹ́òkúta, Igbein ló sì ń fi ọjọ́ náà wá. Yóò jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, yóò máa gbé bútà kọ̀ọ̀kan kúrò lórí iyanrìn.

"Ìyá, èyí tutù o."

"Gbé e sẹ́yìn."

"Bóyá omi ló ta sí i lára."

"Gbé e sẹ́yìn, Mùtíù."

Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ara wọn nìyẹn. Ó bẹ̀ ẹ́ títí kó wá máa gbé Adìgbẹ, ó ní òun ti kun yàrá kan sílẹ̀ fún un. Bùsírátù ní ta ni yóò máa wo iyanrìn.

Ibi tí mo ń lọ ni ọjọ́ tí a sin Sàlàhúdíìnì. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ la sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá rẹ̀. Níbí, tí a bá ti bo erùpẹ̀ lé òkú tán, ààfáà á jókòó níbi orí rẹ̀. Yóò pè é lórúkọ. Yóò kọ́ ọ ní èsì tí yóò fún àwọn màláíkà tó ń bọ̀ wá bi í léèrè. Kì í fi orúkọ bàbá pè é. Orúkọ ìyá ni. Àwọn obìnrin kì í dé etí sàréè, ṣùgbọ́n fèrèsé yàrá kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń gbọ́. Ààfáà Àgbà pè é: "Ìwọ Sàlàhúdíìnì ọmọ Bàrákátù."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bùsírátù dé ìsọ̀ mi.

"Bàbá Ṣéhù, kí ló dé tó fi jẹ́ ìyá?"

Mo sọ ohun tí ààfáà ti sọ fún wa rí. Mo ní ọ̀rọ̀ bàbá lè ní ẹjọ́ nínú. Ti ìyá kì í ní.

"Tí wọ́n bá ṣi orúkọ ìyá pè ńkọ́?"

"Báwo ni wọ́n ṣe máa ṣì í?"

"Mo kàn béèrè ni. Bí wọ́n bá pe èèyàn mọ́ ìyá ẹlòmíràn, ó lè rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Á dákẹ́. Àwọn màláíkà á dé, kò ní mọ ohun tí yóò sọ."

Mo wò ó. Ó wo ilẹ̀. N kò mọ Kùránì tó ẹni tí yóò dá a lóhùn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Gbogbo abiyamọ ló ń bẹ Ọlọ́run kí òun ṣáájú ọmọ òun lọ. Láti ọjọ́ yẹn, tirẹ̀ ní ìdí méjì.

Ọlọ́run kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Mùtíù ti Èkó dé lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó ní orí ń fọ́ òun, ó dùbúlẹ̀. Mojí fẹ́ jí i fún àsùbáà. Kò jí. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún.

Wọ́n gbé e wá sí Igbein kí a sin ín ti bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ààfáà Àgbà kò gbé e mọ́, ó rán ààfáà kékeré kan láti Ìbarà wá. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n àlejò ni nínú ilé náà. Orúnkún tèmi náà kò jẹ́ kí n lè dúró létí sàréè. Wọ́n gbé àga fún mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé àti ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo ń rí àwọn ọkùnrin lápá kan, mo ń rí àwọn obìnrin lápá kejì.

Bùsírátù wà lórí ẹní, níbi tí ìyá òkú ń jókòó sí. Mojí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfúsá, àbúrò Bùsírátù, ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Àfúsá ló kù pẹ̀lú mi tó mọ Àlímátù. Lubabah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé omi fún àwọn tó bá fẹ́ mu.

Wọ́n bo erùpẹ̀ tán. Ààfáà jókòó níbi orí. Ó gbójú sókè.

"Kí ni orúkọ ìyá rẹ̀?"

"Ìyá Mùtíù," ni ẹnìkan wí.

"Èyí mo mọ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni mò ń béèrè."

Wọ́n wo ara wọn. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò kéré, gbogbo wọn ló ti ra bútà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó mọ̀. Èmi mọ orúkọ méjèèjì. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí ó ti jáde. Wọ́n ní kí Lubabah lọ bá wọn béèrè nínú ilé. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní.

"Màmá, wọ́n ní kí ni orúkọ yín."

Àfúsá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Bùsírátù ni. Sáré lọ sọ fún wọn."

"Dúró," ni Bùsírátù wí. "Kí ni ààfáà béèrè? Sọ ọ́ bó ṣe wí i."

"Ó ní kí ni orúkọ ìyá Dádì."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àfúsá wí, "ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà nìyẹn? Ta ló pọ̀n ọ́n? Ta ló bọ́ ọ? Lubabah, máa lọ, Bùsírátù ni."

"Mo ní kó dúró."

Ojú ọ̀run ti ṣú. Àwọn ọkùnrin ń wo òkè. Ààfáà dúró títí, ó gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà nínú ilé lè gbọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́.

"Tí kò bá sí ẹni tó mọ orúkọ náà, kò burú o. Ìwé gbà wá láyè. A ó pè é ní ọmọ Háwáù, ìyá gbogbo ayé."

Àfúsá sún mọ́ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àfúsá kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Ọlọ́run ti la ọ̀nà fún yín. Háwáù. Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, kí a sì máa lọ."

"Háwáù kọ́ ló bí i."

"Òun ló bí èmi àtẹ̀yin àti gbogbo èèyàn."

"Mùtíù ní ẹni tó bí i. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, mo rí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo àwọn ọmọ yìí. Ẹ wo ara yín. Tẹ́ ẹ bá la ẹnu yìí lónìí, kí lẹ tún ní láyé? Kí ni wọ́n á máa fi pè yín?"

Mojí gbórí sókè, ó ń wo àwọn méjèèjì. Kò yé e. Bùsírátù kò wo ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń pa ẹní tó wà níwájú rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, bí ó ti máa ń tẹ iyanrìn wò láàárọ̀.

"Ó ń jò láti ọjọ́ yẹn, Àfúsá. Ibi tó tutù tẹ́lẹ̀ ni mò ń gbé e lé, kí n má baà rí i." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Lubabah, lọ sọ fún ààfáà. Àlímátù."

"Àlímátù? Màmá, ta ni Àlímátù?"

"Èjí tó wà lẹ́nu rẹ, òun ló ni ín. Máa lọ. Òjò ń bọ̀."

Lubabah fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ààfáà ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Àwọn ọkùnrin kan bojú wẹ̀yìn, wọ́n wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo mọ ìdí rẹ̀. Mo wo ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi.

Ààfáà tẹ orí ba, ó pè é.

"Ìwọ Mùtíù ọmọ Àlímátù."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Bó ti ń pè é, ètè Bùsírátù ń mì. Ó ń bá a pè é ni. Mo ti ń bá obìnrin yìí gbé ojúkojú láti ìgbà tí orí wa ṣì dúdú, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí orúkọ Àlímátù jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ní ìgbà kẹta, ohùn rẹ̀ jáde díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dẹ etí sílẹ̀, bíi pé ẹnìkan máa dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé.

Àfúsá ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ó ń sunkún, inú sì ń bí i.

"Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ara yín di Ìyá Ta Ni."

"Orúkọ mi ni tẹ́lẹ̀," ni Bùsírátù wí.

Òjò ń kán nígbà tí àwọn ọkùnrin wọlé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìyá òkú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí. Ààfáà ló ṣáájú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò létí agbádá, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin ìyá. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un. Ta ni ìyá olóògbé nínú yín, kí a kí i?"

Mojí wo ẹní. Lubabah dúró lẹ́yìn ààfáà, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti kú, Ààfáà," ni Bùsírátù wí. "Ó ti pẹ́. Ó bẹ̀ mí kó tó kú, mi ò dá a lóhùn. Ẹ bá mi ṣe àdúrà fún un. Tí àdúrà bá ń dé ọ̀dọ̀ òkú, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gbọ́. Kó bá mi gba ọmọ rẹ̀."

Ààfáà kò béèrè ohunkóhun. Ó tẹ́wọ́, ó ṣe àdúrà fún Àlímátù, ó pẹ́ níbẹ̀, gbogbo wa ń ṣe àmín. Àfúsá náà ṣe àmín. Nígbà tí ààfáà fọwọ́ pa ojú tán, ó tún yíjú sí obìnrin tó wà lórí ẹní. Ó rí i pé ó yẹ kí òun kí obìnrin náà pẹ̀lú. Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ọkùnrin Òdẹ̀dá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá? Ìyá ta ni kí n máa pè yín?"

Lubabah la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo fẹ́ dáhùn, n kò mọ èyí tí n ó sọ.

"Bùsírátù," ni ó wí. "Bùsírátù lorúkọ mi."

Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Ibi tó ti jókòó lórí ẹní jìn sílẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó sún síbẹ̀. Ó wá bàtà rẹ̀ láàárín bàtà àwọn àlejò, ó rí i, ó wọ ti òsì, ó wọ ti ọ̀tún. Lubabah di etí ìró rẹ̀ mú. Ó rọra tú ìka ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jáde sínú òjò.